Aago Tó Fi Ìṣẹ́jú Mẹ́fà Falẹ̀: Bí Aáwọ̀ Kosovo àti Serbia Ṣe Wọ Ilé Ìdáná Yúróòpù

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, ohun kan ń ṣe àwọn aago ní ilẹ̀ Yúróòpù. Aago ara ààrò kò bá ti fóònù mu mọ́. Aago ìtanijí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ń pẹ́ kó tó dún. Onílé á tún un tò, á rò pé ó ti bàjẹ́ ni, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan á tún bá a pé ó ti falẹ̀. Orílẹ̀-èdè 25 ni èyí ti ṣẹlẹ̀, láti Spéìn títí dé Tọ́kì, láti Pólándì títí dé Nẹ́dálándì. Títí di oṣù kẹta, aago tí ẹnikẹ́ni kò bá tíì fọwọ́ kàn ti fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà falẹ̀, ìbáà jẹ́ ìlú wo ló wà.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta, ENTSO-E, ẹgbẹ́ tó kó àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé iná káàkiri Yúróòpù pọ̀, gbé àlàyé jáde. Wọ́n ní iná ló dín, àti pé aáwọ̀ òṣèlú láàárín Serbia àti Kosovo ló fà á. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka ìròyìn yẹn, kò sì yé wọn rárá. Kí ló pa aago ààrò ní Paris àti ìjà ní Balkan, apá gúúsù ìlà oòrùn Yúróòpù tí Serbia àti Kosovo wà, pọ̀?

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni mo ń ṣe, mo sì fẹ́ràn ìtàn. N kò mọ ibòmíràn tí sáyẹ́ǹsì, ìtàn àti òṣèlú ti so kọ́ra báyìí, tí èèyàn sì lè fi ojú lásán rí i lójú aago. Ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Aago wo ló falẹ̀, èwo ni kò falẹ̀?

Ti fóònù kò falẹ̀, nítorí láti orí nẹ́tíwọ̀kì ló ti ń gba àkókò. Ti kọ̀ǹpútà kò falẹ̀. Aago ọwọ́ tó ń lo bátìrì náà kò falẹ̀: òkúta kírísítà kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbọ̀n ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò bá iná òpó da nǹkan kan pọ̀.

Àwọn tó falẹ̀ ni aago tó ń gba iná láti ara ògiri, tó sì ń fi iná yẹn gan-an mọ àkókò. Aago ara ààrò wà lára wọn, àti aago ìtanijí tó ní rédíò nínú, àti àwọn aago tó ń tan ẹ̀rọ amúlégbóná tó sì ń pa á. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú wọn. Wọ́n ń ka ohun tí iná ń sọ fún wọn, iná ló ń sọ ọ́ lọ́nà tí kò pé.

Kí ni iná ń sọ fún aago?

Iná inú bátìrì ń ṣàn sí ojú kan ṣoṣo. Iná òpó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, bí ayùn tí èèyàn méjì dì mú ní orí méjèèjì tí wọ́n fi ń la igi. Àlọ kan àti àbọ̀ kan ni mo máa pè ní ìlù kan nínú àlàyé yìí. Ní Yúróòpù, ìlù 50 ni iná ń lù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é ní Hertz 50, wọ́n fi sọrí Heinrich Hertz, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì.

Èèyàn lè fi etí gbọ́ ìlù yìí. Tí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n mọ yí tiransifọ́mà ńlá kan ká, ẹ ó gbọ́ ohùn kan tó ń kùn láìdákẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ tó jọ ti oyin inú ilé wọn. Irin inú rẹ̀ ló ń nà tó sì ń súnkì bí agbára mágnẹ́ẹ̀tì ṣe ń dé tó ń lọ, lẹ́ẹ̀mejì nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínà yẹn kéré débi pé ojú kò lè rí i, àmọ́ ó tó láti mú afẹ́fẹ́ gbọ̀n. Mo ti gbọ́ ohùn yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́, mo sì máa ń dúró gbọ́ ọ síbẹ̀.

Ibo ni ìlù náà ti ń wá? Láti inú ẹ̀rọ amúnáwá ni. Mágnẹ́ẹ̀tì ńlá kan ń yí láàárín wáyà tí wọ́n wé yí i ká. Bó bá ti yí po lẹ́ẹ̀kan, iná ti lọ ó ti bọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Tí ẹ̀rọ náà bá yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ pín in sí 60, ìgbà 50 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìlù iná ni eré tí irin ńlá yẹn ń sá.

Aago ààrò mọ èyí. Nínú rẹ̀ ni ohun kékeré kan wà tó ń ka ìlù: bó bá ka 50, ó ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ti kọjá, bó bá ka 3,000, ó yí ìṣẹ́jú kan. Kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ló kọ́kọ́ fi iná mọ àkókò?

Ní ọdún 1916, Henry Warren, ẹnjiníà kan ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, ṣe aago kan tí mọ́tò kékeré inú rẹ̀ ń tẹ̀lé ìlù iná. Aago náà rọrùn láti ṣe, kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa fi kọ́kọ́rọ́ wé e. Àṣìṣe kan ló wà níbẹ̀: kò péye. Warren yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé aago náà ò ní ẹ̀bi kankan. Ilé-iṣẹ́ iná ni kò mú ìlù rẹ̀ dúró lójú kan, torí títí di ìgbà yẹn kò sẹ́ni tó bìkítà bí ó bá fi díẹ̀ yá tàbí díẹ̀ falẹ̀. Gílóòbù á ṣáà tàn.

Ohun tó wá ṣe ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ó kọ́ aago mìíràn fún ilé-iṣẹ́ iná fúnra wọn, ọwọ́ aago méjì ló sì fi sí ojú kan náà. Ọwọ́ kan ń tẹ̀lé pẹ́ńdúlọ̀ọ̀mù tó péye, ọwọ́ kejì ń tẹ̀lé iná tí ilé-iṣẹ́ náà ń mú jáde. Tí ọwọ́ méjèèjì bá ń lọ lórí ara wọn, iná péye. Tí ọwọ́ iná bá ti ń kù sẹ́yìn, òṣìṣẹ́ á fún tọ́báìnì, ohun tó ń yí ẹ̀rọ amúnáwá, ní èéfín omi gbígbóná díẹ̀ sí i, títí ọwọ́ náà á fi bá èkejì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1916 ni wọ́n gbé e kọ́ sí ilé-iṣẹ́ amúnáwá kan ní Boston. Bí iná ṣe di alákòóso àkókò nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ amúnáwá ti ń ṣọ́ aago inú yàrá àwọn èèyàn tí kò mọ̀ rí.

Kí ló dé tí ìlù náà fi ń falẹ̀?

Wáyà iná kì í ṣe àgbá omi. Kò ní àyè tó fi ń tọ́jú nǹkan pa mọ́. Iná tí ẹ ń lò báyìí, ìṣẹ́jú-àáyá yìí gan-an ni ẹ̀rọ kan ń mú un jáde níbì kan.

Ẹ fojú inú wo kẹ̀kẹ́ gígùn kan tí ẹgbẹ̀rún èèyàn jókòó lé, tí ṣéènì kan ṣoṣo so gbogbo pẹ́dà wọn pọ̀. Kò sẹ́ni tó lè yára ju ẹnìkejì lọ. Gbogbo ẹsẹ̀ ló ń yí lọ́gbọọgba, yálà ó wù wọ́n tàbí kò wù wọ́n. Bí àwọn ẹ̀rọ amúnáwá láti Pọ́túgà títí dé Tọ́kì ṣe so mọ́ra nìyẹn. Àwọn tó ń lo iná ni òkè tí kẹ̀kẹ́ náà ń gùn. Tí òkè bá ga sí i, tí kò sì sẹ́ni tó fi kún agbára ẹsẹ̀ rẹ̀, kẹ̀kẹ́ á falẹ̀. Tí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ sókè tó sì jókòó sínú kẹ̀kẹ́ síbẹ̀, àwọn tó kù ni yóò máa gbé e lọ, gbogbo wọn á sì falẹ̀ díẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé gbogbo wọn ló ń falẹ̀ pọ̀. Ẹni tó jókòó síwájú pátápátá kò lè ní ti òun yàtọ̀. Ìdí nìyí tí aago ní Madrid fi falẹ̀ nítorí iná tó dín ní ọ̀nà tó jìn sí i ju 2,000 kìlómítà lọ.

Àwọn tí kò jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà kò falẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìlù tirẹ̀. Okùn iná abẹ́ òkun ló so ó mọ́ Faransé, àmọ́ iná olójú kan bíi ti bátìrì ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ìlù kì í bá a lọ. Nọ́wè àti Swídìn náà ní tiwọn. Dẹ́nmárkì ló wá yà mí lẹ́nu jù: ìwọ̀ oòrùn rẹ̀ ń bá Jámánì lu, ìlà oòrùn rẹ̀ tí Copenhagen wà ń bá Swídìn lu. Orílẹ̀-èdè kékeré kan, ìlù méjì.

Báwo ni ìdínkù kékeré ṣe di ìṣẹ́jú mẹ́fà?

Láti àárín oṣù kìíní títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún 2018, ìlù iná Yúróòpù wà ní 49.996 dípò 50, tí a bá mú gbogbo ọjọ́ pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Ìwọ̀n yìí kò lè ba ẹ̀rọ kankan jẹ́. Gílóòbù kò ṣẹ́jú. Ìlù iná máa ń gòkè sọ̀kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́.

Àmọ́ aago kì í gbàgbé. Láàárín ọjọ́ kan, ìṣẹ́jú-àáyá 86,400 ló wà, ìlù 4,320,000 sì ló yẹ kí aago kà. Ní 49.996, ìlù bíi 346 ló dín lójúmọ́. Ẹ pín in sí 50: ìṣẹ́jú-àáyá méje, ó dín díẹ̀. Ẹni tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ fi ìbú irun orí kúrú sí ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á jọ máa lọ ni láàárọ̀, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni yóò sọ pé ó ti kù sẹ́yìn. Ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá 6.9 lọ́nà 50 ọjọ́, ẹ ó rí ìṣẹ́jú-àáyá 345, tó jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́fà tí àwọn èèyàn rí lójú aago wọn nìyẹn.

Nínú ìṣirò ENTSO-E, iná tí kò wọlé bó ṣe yẹ láàárín àsìkò náà jẹ́ gígáwáàtì-wákàtí 113, ìyẹn mílíọ̀nù 113 yúníìtì, tí a bá fi yúníìtì tí wọ́n fi ń gba owó iná kà á. Ó dún bí ohun ńlá. Tí ẹ bá pín in sí wákàtí tó wà nínú 50 ọjọ́, mẹ́gáwáàtì 94 péré ló ń dín ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí gbogbo Yúróòpù tó so mọ́ra ń lo ju 300,000 lọ nígbà òtútù. Kò tó ẹyọ kan nínú 3,000.

Kí ló dé tí àwọn tó kù kò kàn fi díẹ̀ kún un?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti kúrò nínú irin tó wọ inú òṣèlú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà ń ṣọ́ ìlù náà. Tí iná bá dín lójijì níbì kan, àwọn ẹ̀rọ káàkiri Yúróòpù máa ń dáhùn fúnra wọn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Wọn kì í béèrè ẹ̀bi ta ni. Iṣẹ́ wọn ni láti dá ìṣubú dúró, kì í ṣe láti gbé ìlù padà sí 50. Gbígbé e padà jẹ́ ti ẹkùn tí iná ti dín, wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹni tó da omi sílẹ̀ ni yóò nù ún.

Òfin yìí mọ́gbọ́n dání. Bí kò bá sí i, gbogbo ẹkùn ni yóò máa sáré tún nǹkan kan náà ṣe, wọ́n á sì ṣe é kọjá ààlà. Àmọ́ ó dúró lórí pé oníkálukú mọ ẹkùn rẹ̀, ó sì gbà pé tòun ni. Kò sí bọ́tìnnì kankan lára ẹ̀rọ fún ẹkùn tí àwọn méjì ń bá ara wọn jà lé lórí.

Kí ni Serbia àti Kosovo ń jà sí?

Abẹ́ Yugoslavia ni Kosovo wà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apá kan Serbia. Lẹ́yìn ogun ọdún 1999, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gba àkóso ibẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejì ọdún 2008, Kosovo kéde pé òun ti dá dúró. Serbia kò gbà títí di òní.

Wáyà iná kò gbọ́ ìkéde náà. Nínú ètò ìlù Yúróòpù, abẹ́ ẹkùn tí Serbia ń darí ni Kosovo ṣì wà ní ọdún 2018. Apá àríwá Kosovo ló mú un burú sí i: ẹ̀yà Serb ló pọ̀ jù níbẹ̀, títí di ọdún 2018 yẹn, láti ọdún 1999 ni wọn kò sì ti san owó iná fún ilé-iṣẹ́ Kosovo. Iná ń lọ síbẹ̀, owó kò bọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníbàárà tó kù ní Kosovo ló ń san án mọ́ tiwọn. Nígbà tí ọ̀nà yẹn dí, àlàfo ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ní ọdún 2015, ní Brussels, àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé Serbia yóò dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ta iná ní àríwá lábẹ́ òfin Kosovo. Ibi ìforúkọsílẹ̀ ni ó dúró sí nígbà náà, torí bí Serbia bá forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kosovo, ó dà bí ìgbà tó bá gbà pé Kosovo jẹ́ orílẹ̀-èdè. Nígbà náà, Serbia ń sọ pé Kosovo ń fa iná tí kò pèsè, Kosovo ní Serbia ló ń dí òun lọ́wọ́ láti dá dúró. N kò lè dá ẹnikẹ́ni láre nínú ìjà tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹnjiníà rí ni pé mẹ́gáwáàtì 94 wà tí ẹnì kankan kò pè ní tòun.

Báwo ni wọ́n ṣe dá ìṣẹ́jú mẹ́fà náà padà?

Wọ́n mú kí kẹ̀kẹ́ náà sáré díẹ̀. Nígbà tí àlàfo náà ti dí ní oṣù kẹta, àwọn ilé-iṣẹ́ iná gbé ìlù sí 50.010. Pẹ̀lú ìyẹn, aago ń jèrè ìṣẹ́jú-àáyá 17 ó lé díẹ̀ lójúmọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́fà yóò gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ti padà bọ̀ sípò ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin. Àwọn tí kò fọwọ́ kan aago wọn rárá kàn rí i pé ó ti ń sọ òótọ́. Àwọn tó ti tún tiwọn tò ni tiwọn wá ń yá ju bó ṣe yẹ, tó fi di pé wọ́n tún un tò lẹ́ẹ̀kejì.

Ọ̀rọ̀ ẹkùn tí Kosovo wà ní tirẹ̀ gbà ju ọdún méjì lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Kosovo kúrò lábẹ́ àkóso Serbia nínú ètò iná, ó sì dara pọ̀ mọ́ Albáníà. Láti ọjọ́ náà, bí iná bá dín ní Kosovo, Kosovo ló ni ín.

Ṣé Kosovo nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀?

Rárá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Yúróòpù lè kà á lára wáyà iná. Nígbà tí wọ́n pín Berlin, ìwọ̀ oòrùn ìlú náà di erékùṣù iná: fún ìgbà pípẹ́ ó ń mú iná tirẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó ń lu ìlù tirẹ̀ láàárín ìlú kan náà. Ògiri wó ní 1989, síbẹ̀ oṣù Kejìlá 1994 ni wọ́n tó so wáyà rẹ̀ padà mọ́ ti àwọn ará ìwọ̀ oòrùn yòókù. Ní 1991, ogun ba ibùdó iná Ernestinovo jẹ́ ní Croatia, Balkan sì já kúrò lára Yúróòpù yòókù títí di oṣù kẹwàá 2004.

Estóníà, Látfíà àti Lituéníà gba òmìnira kúrò lábẹ́ Soviet ní 1991, àmọ́ Moscow ló ṣì ń di ìlù iná wọn mú títí di ọjọ́ 8 oṣù kejì ọdún 2025. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n já a. Wọ́n dá ìlù tiwọn lù fún nǹkan bí ọjọ́ kan, kí wọ́n lè rí i pé wọ́n lè ṣe é, wọ́n sì so ó mọ́ Pólándì lọ́jọ́ kejì.

Ti Ukréìn ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Wọ́n ti pinnu láti dara pọ̀ mọ́ Yúróòpù ní 2023, ètò náà sì béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró fún ọjọ́ mélòó kan gẹ́gẹ́ bí ìdánwò. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2022, wọ́n já wáyà tó so wọ́n mọ́ Rọ́ṣíà àti Bẹ̀lárùs láti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ogun ti wọlé. Wọn kò lè padà sí ibi tí wọ́n ti kúrò, ibi tí wọ́n ń lọ kò sì tíì ṣe tán láti gbà wọ́n. Fún ogúnjọ́, pẹ̀lú bọ́ǹbù tó ń rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ iná Ukréìn dá ìlù náà dì mú. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta, wọ́n mú un bá ti Yúróòpù mu, wọ́n sì so wáyà pọ̀. Láti ọjọ́ náà, nígbàkigbà tí iná bá wà, aago ààrò ní Kyiv àti aago ààrò ní Lisbon ń ka ìlù kan náà.